Mo ná ju £6,000 lọ sórí kẹ̀kẹ́ yìí, èló ni kí n tà á?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Leeds ni mò ń gbé. Mo ra fúréèmù kẹ̀kẹ́ òkè kan, Santa Cruz Hightower, lọ́dún 2021, kábọ́ọ̀nù ni, sáìsì large, mo wá ń ra páàtì tó kù díẹ̀díẹ̀, èmi fúnra mi ni mo tò ó. Fọ́ọ̀kì Fox 36 (ẹsẹ̀ méjì tó di táyà iwájú mú), búréèkì Hope Tech 4, họ́ọ̀bù Hope Pro 4 (àárín wíìlì), jíà SRAM GX Eagle. Tí mo bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ ó lé ní £6,000. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì, ààyè ò sí nílé mọ́, mo bá ní kí n tà á ní £4,500. Ẹni tó kọ́kọ́ pè mí ní £1,800 lòun máa san, inú bí mi débi pé mo gé fóònù mọ́ ọn létí. Ṣé wọ́n fẹ́ rẹ́ mi jẹ ni? Àbí kí n tú u, kí n máa tà á lẹ́yọ lẹ́yọ? — Bàbá Ìbejì, Leeds

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, kú oríire o, Ọlọ́run á wo àwọn ọmọ fún wa. Ẹni yẹn fẹ́ rà á ní ọ̀pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n £4,500 náà ò lè wá, jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ fún ẹ kó o má bàa jókòó tì í fún oṣù mẹ́fà.

Owó tó o ná kọ́ lẹni tó fẹ́ rà á ń wò, ohun tí owó ọwọ́ ẹ̀ lè rà níbòmíì ló ń wò. Ìgbà tó o ra fúréèmù yìí, ìgbà Kòrónà ni, kẹ̀kẹ́ wọ́n bí ojú, àlòkù gan-an ń lọ bíi tuntun. Àwọn iléeṣẹ́ wá ṣe é jáde lọ́pọ̀ yanturu, nígbà tó fi máa di 2023 ọjà ti kún sítọ́ọ̀ fọ́fọ́, kálukú ń já owó lulẹ̀, kódà Wiggle Chain Reaction tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó tóbi jù tó ń ta kẹ̀kẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní UK wọ gbèsè, wọ́n fà á lé àwọn alábòójútó lọ́wọ́ lóṣù October ọdún yẹn. Lónìí ẹni tó bá mú £4,500 dání á rí kẹ̀kẹ́ tuntun tó dáa rà, pẹ̀lú wọ́rántì. Tìẹ ńkọ́? Wọ́rántì tí Santa Cruz ń fún fúréèmù títí ayé, ẹni tó kọ́kọ́ rà á ló wà fún, kò lè bá kẹ̀kẹ́ lọ sọ́wọ́ ẹlòmíì.

Ohun kejì ni pé ohun tó wù ẹ́ lo tò. Ẹlòmíì ò fẹ́ Hope, Shimano ló ń wá. Ẹlòmíì fẹ́ kí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ẹ̀ fẹ̀ ju báyìí lọ. Gbogbo àròjinlẹ̀ tó o fi yan páàtì kọ̀ọ̀kan, ìwọ lo jẹ adùn ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa sanwó ẹ̀ fún ẹ. Ó dùn mí láti sọ ọ́ torí mo mọ bó ṣe máa ń rí téèyàn bá fọwọ́ ara ẹ̀ to kẹ̀kẹ́.

Lọ sí eBay, wá Hightower ọdún tìẹ, kó o wá tẹ ibi tí wọ́n kọ "sold items" sí kó o lè rí iye tí wọ́n tà á gan-an, torí iye táwọn èèyàn ń pè é yàtọ̀ sí iye tó wọlé. Wo Pinkbike náà, ìkànnì táwọn èèyàn ti ń ta kẹ̀kẹ́ òkè àlòkù. Tí tìẹ bá mọ́ tí kò ní àlébù, èmi á pè é ní £2,600, mi ò sì ní lọ sísàlẹ̀ £2,200.

Ti títú tà yẹn, bẹ́ẹ̀ ni, owó ẹ̀ lè pọ̀ ju gbígbé e tà lódidi. Hope ò ní pẹ́ lọ, Barnoldswick ní Lancashire ni wọ́n ti ń ṣe é, kò jìnnà sí ẹ rárá, páàtì ẹ̀ sì wà káàkiri, èèyàn lè máa pààrọ̀ ohun tó bá jẹ nínú ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Fúréèmù náà á lọ. Fọ́ọ̀kì ni kó o ṣọ́ra fún: ọ̀pá ọrùn ẹ̀ tó gba inú fúréèmù kọjá, o ti gé e kó lè bá tìẹ mu, ẹni tí ọrùn fúréèmù tiẹ̀ bá gùn jù ú lọ ò lè lò ó, kò sì sí bí wọ́n ṣe ń so irin yẹn pọ̀ padà. Wọ̀n ọ́n, kọ iye mìlímítà ẹ̀ síta kí wọ́n tó bi ẹ́. Àmọ́ ìwọ tó o ní ìbejì nílé, ṣé o ráyè fún páálí mẹ́jọ, ìrìn àjò sí post office, àti ẹni tó máa bi ẹ́ ní aago méjìlá òru pé ṣé ìjókòó ẹ̀ ṣì wà? Tèmi ni pé kó o tà á lódidi. Pẹ́dálì nìkan ni kó o yọ tà lọ́tọ̀ torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ra kẹ̀kẹ́ ló ní tiwọn, wọn ò ní fi kọ́bọ̀ kún owó nítorí ẹ̀.

Ohun tó ń mú owó wá ni ẹ̀rí. Fox, iléeṣẹ́ tó ṣe fọ́ọ̀kì ẹ, ní kí wọ́n máa sáfíìsì ẹ̀ ní gbogbo wákàtí 125 téèyàn bá gùn ún, tàbí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, rìsíìtì ẹ̀ dà? Ya fọ́tò ẹ̀. Tí ṣéènì bá ti jẹ, pààrọ̀ ẹ̀, kò wọ́n, ẹni tó mọṣẹ́ á fi ìwọ̀n ṣéènì sí i lójú ẹ ni. Fọ kẹ̀kẹ́ náà dáadáa ṣùgbọ́n má jẹ́ kí epo kan díìsìkì búréèkì. Ya á láti ọwọ́ ọ̀tún níbi tí ṣéènì wà, nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kó o wá ya abẹ́ fúréèmù níbi tí òkúta ti máa ń ta bá a, ya ọ̀pá fọ́ọ̀kì tó ń dán yẹn. Fi èékánná fà á lórí ọ̀pá náà, tí èékánná bá há níbì kan, ibẹ̀ á máa jẹ rọ́bà tó ń dí epo, sọ ọ́ síta.

Tó bá sì jẹ́ pé kábọ́ọ̀nù yẹn sán níbikíbi, bó ti wù kó kéré mọ, jọ̀ọ́ àbúrò mi, má tà á fún ẹnikẹ́ni láìsọ. Èèyàn máa gbé e sáré sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, ẹ̀mí lọ̀rọ̀ náà. Ní ti òfin, ẹni tó rajà lọ́wọ́ aládàáni ní UK ò ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà bíi ti ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ tó o bá sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ nípa ẹ̀, Misrepresentation Act ti 1967 lè mú ẹ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹnì kan ní òun ń ṣiṣẹ́ lórí òkun, òun ò lè wá wo kẹ̀kẹ́ mi, òun á san gbogbo owó sórí PayPal, agbẹ́rù á wá gbé e, kí n kàn kọ́kọ́ bá òun san £150 fún agbẹ́rù. Ṣé kò séwu? — Ọmọ Ìjẹ̀bú, Cardiff

ÌDÁHÙN: Olè ni. Má fèsì mọ́. Ìméèlì "PayPal" tó máa fi ránṣẹ́ sí ẹ, ayédèrú ni, £150 yẹn ló ń wá. Ẹni tó fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ olówó gọbọi á fẹ́ gùn ún wò. Tó bá wá, kó kọ́kọ́ sanwó, kó o ṣí áàpù báǹkì tìẹ kó o rí i pé owó ti wọlé, fọ́tò tó bá fi hàn ẹ́ lórí fóònù ẹ̀ kì í ṣe owó. Lẹ́yìn náà kó wá gùn ún, tí kò bá wù ú o dá owó ẹ̀ padà fún un. Nǹkan kan tún wà táwọn èèyàn kì í rántí: tó o bá ń lo Strava, áàpù tó ń kọ ibi téèyàn gun kẹ̀kẹ́ gbà sílẹ̀, lọ pa ibi tó o ti ń gbéra mọ́ kí ẹlòmíì má bàa rí i, àwọn olè máa ń ti ibẹ̀ mọ ilé tí kẹ̀kẹ́ ńlá wà.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ọkùnrin ti lọ sí Canada, ó fi kẹ̀kẹ́ òkè kan sílẹ̀ nínú shed wa ní Milton Keynes, ó ní òun tò ó fúnra òun ni, ó sì ní kí n tà á. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ fún mi ní £200. Ṣé kí n gbà á, àbí kí n fi sínú kọ̀ǹténà lọ sí Ìbàdàn? — Ìyá Káyọ̀dé

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ilé o, Mà. Ẹ má tíì gba £200 yẹn, ẹ má sì fi sínú kọ̀ǹténà. Ní Ìbàdàn, ẹni tó máa tú ṣọ́ọ̀kì irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ tó máa pààrọ̀ rọ́bà inú ẹ̀ ṣòro rí, tó bá ti bàjẹ́ báyìí ó di kó dúró sí kọ̀rọ̀.

Ẹ pe Káyọ̀dé kó kọ orúkọ gbogbo páàtì náà ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Ẹ bi í bóyá ó fi kẹ̀kẹ́ náà sórí BikeRegister, ibẹ̀ ni ọlọ́pàá ti ń wo kẹ̀kẹ́ tí wọ́n jí, tó bá wà níbẹ̀ kó gbé e sórúkọ ẹni tó máa rà á. Nọ́ńbà fúréèmù sábà máa ń wà lábẹ́, níbi tí ọ̀pá pẹ́dálì ti wọlé, ẹni tó mọṣẹ́ á béèrè ẹ̀.

Tí táyà ẹ̀ bá ti rọ̀, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà, irú táyà yìí kì í sábà ní túùbù, omi funfun kan ni wọ́n ń dà sínú ẹ̀, ó sì máa ń gbẹ láàárín oṣù mélòó kan. Ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ á dà òmíì sí i. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó jìnnà, ẹ tọrọ páálí lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù náà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn. Tí wọ́n bá ti yọ wíìlì kúrò, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọdé tẹ búréèkì o, ohun tó ń di díìsìkì mú á pàdé, wàhálà ni láti là á, ẹ fi páálí tó le há a láàárín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ pẹ́dálì kí kẹ̀kẹ́ lè wọ páálí, tapá òsì, ọ̀nà tí aago ń yí sí ni wọ́n ń yí i láti tú u, tọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń yí sódì aago.