Èsì: Ìdí tí a fi ń bu ọlá fún Larry Itliong

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bèèrè ìdí tí ìpínlẹ̀ California fi ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún Larry Itliong, olórí òṣìṣẹ́ oko tó wá láti Philippines, nígbà tó jẹ́ pé Cesar Chavez, olórí òṣìṣẹ́ oko tí ìran rẹ̀ ti Mexico wá, ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ oko àjàrà.

Itliong àti àwọn ará Philippines ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ ní Delano, ìlú kan ní California, ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1965. Òun ló tọ Chavez lọ, tó rọ̀ ọ́ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ tí ìran wọn ti Mexico wá dara pọ̀ mọ́ wọn, kí àwọn olóko má baà tún fi ẹ̀yà kan rọ́pò èkejì bí wọ́n ti máa ń ṣe. Lójú tèmi, iṣẹ́ rẹ̀ tó ga jù nìyẹn, nítorí ìṣọ̀kan náà ló jẹ́ kí àwọn olóko tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ní 1970.

Ọ̀dọ́mọdé ni Itliong nígbà tó dé Amẹ́ríkà ní 1929. Jàǹbá ẹnu iṣẹ́ gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń pè é ní Oníka Méje.

Lóòótọ́, ilé ẹ̀kọ́ kan ní Union City ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ti Philip Vera Cruz, ará Philippines ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìjà náà, ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá sì ni ọjọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ọdún 2013 ni mo kà sí jù, èyí tó ní kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ California máa kọ́ nípa ipa tí àwọn ará Philippines kó nínú ìjà àwọn òṣìṣẹ́ oko.