Ọmọ tó ń kọ "childrens": ẹ kọ́kọ́ bi í níbi tó ti rí i

Ìyá wa láti Ìjẹ̀bú-Igbó, mo ka ìbéèrè yín lálẹ́ àná, oorun ò sì kùn mí mọ́. Ẹ ní ọmọbìnrin yín tó wà ní praimárì 3 ń kọ "foots", "mans" àti "childrens", ẹ sì ń béèrè bóyá kí ẹ ra ìwé tí yóò máa fi dánra wò ni àbí kí ẹ wá tíṣà tí yóò máa kọ́ ọ nílé. Màá dáhùn. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi ná, torí ọgbẹ́ yẹn ò tíì jinná.

Praimárì 4 ni ọmọ mi ọkùnrin wà nígbà náà. Gbogbo Ọjọ́rú ni inú máa ń run ún. Mo fún un ní àgbo, mo fún un ní oògùn aràn, pàbó ló já sí. Mi ò mọ̀ pé Ọjọ́rú ni tíṣà máa ń pe ọ̀rọ̀ fún wọn kọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mò ń wọn gààrí fún oníbàárà ní Òkè-Ajé, ọmọ náà dé láti ilé ìwé, mo ní kó bá mi so ẹnu àpò. Kò lè fa okùn. Mo yí ọwọ́ ẹ̀ padà: àtẹ́lẹwọ́ ti wú, ojú pàṣán hàn níbẹ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀gbọ̀ọ̀rọ̀. Pàṣán mẹ́fà, níwájú gbogbo kíláàsì, nítorí pé ó kọ "childrens". Ọmọ ọdún mẹ́jọ. Mo jókòó sórí àpò gààrí yẹn, mo sunkún, oníbàárà ló bá mi wọn èyí tó kù.

Mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Tíṣà ní àwọn yòókù ti há a sórí, olódo ni tèmi. Ọ̀gá ilé ìwé nawọ́ ìwé kan sí mi, ọ̀rọ̀ ogójì ló wà nínú ẹ̀, ó ní kí n lọ mú un há a. Ìwé yẹn gan-an ló là mí lójú: "rooves" ni wọ́n kọ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ "roof". Mo padà wá pẹ̀lú díkíṣọ́nárì, mo ṣí i fún wọn, "roofs" ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní ṣé èmi tí mò ń ta gààrí ni mo fẹ́ wá kọ́ àwọn níṣẹ́. Mo gbé e dé ọ́fíìsì àwọn tó ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́. Ẹni tí mo bá níbẹ̀ ò tiẹ̀ gbójú sókè, ó ní kí n jẹ́ kí olùkọ́ ṣe iṣẹ́ ẹ̀. Títí dòní, bí mo bá rántí, àyà mi á gbóná. Kí èèyàn máa na ọmọ lórí ohun tí òun fúnra ẹ̀ ò mọ̀!

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó bi ọmọ mi ní ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi í: "Níbo lo ti rí 's' yẹn?" Ó ní lára aṣọ tí wọ́n so síwájú ilé ìwé ni. Ẹ gbọ́ o, aṣọ ayẹyẹ 27 May, "HAPPY CHILDRENS DAY", gàdàgbà gàdàgbà, ẹnikẹ́ni ò sì ká a kúrò. Ẹni tó kọ ọ́ ló gbàgbé àmì kékeré tó yẹ kó wà lókè láàárín "n" àti "s", èyí tó ń sọ pé ọjọ́ náà jẹ́ ti àwọn ọmọdé. Ohun tí ilé ìwé kọ lọ́mọ mi kọ. Òun ni wọ́n nà.

Nítorí náà, ẹ bi ọmọ yín. Nǹkan kan wà tó ń tẹ̀ lé. Ẹ wò ó, nínú èdè tiwa, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ méjì. Ọ̀rọ̀ náà kì í yí padà. Ilé ìwé wá ní kó máa fi "s" kún un, ó gbà. Wọ́n tún ń bínú pé ó fi "s" kún "foot". Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ láti orí "sheep" àti "deer", torí àwọn yẹn ń ṣe bíi tiwa: àgùntàn kan, àgùntàn mẹ́wàá, "sheep" náà ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín sí Gẹ̀ẹ́sì.

Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń yí inú padà: "foot" di "feet", "tooth" di "teeth", "goose" di "geese", "man" di "men", "mouse" di "mice". Eyín ẹ̀ kan yọ lọ́sẹ̀ yẹn. Mo gbé e lé e lọ́wọ́, "tooth". Mo ní kó ya ẹnu níwájú dígí, "teeth". Kò ṣì í mọ́ láti ọjọ́ náà. "Woman" àti "women" ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ọ̀pọ̀ wa ń pe méjèèjì bákan náà, nígbà tó jẹ́ pé "wímìn" ni ti ẹlẹ́ẹ̀kejì. Bí ọmọ ò bá gbọ́ ìyàtọ̀ lẹ́nu wa, kí ni yóò fi kọ ọ́?

Bẹ́ẹ̀ náà ni "knives" àti "leaves", níbi tí "f" ti ń di "v". Yorùbá ò ní "v", "f" ni etí ọmọ ń gbọ́, ló ṣe ń kọ "knifes". Níbi tí a ti ń bó ẹ̀gẹ́ ni mo ti kọ́ ọ. Mo mú ọ̀bẹ kan, mo ní kó gbé eyín òkè lé ètè ìsàlẹ̀, kó fẹ́ atẹ́gùn jáde, "knife". Mo mú ọ̀bẹ mẹ́ta, mo ní kó fọwọ́ kan ọ̀nà ọ̀fun kó lè mọ̀ bó ṣe ń gbọ̀n, "knives". "Wife", "loaf", "thief" àti "wolf" ń bá a rìn. Ṣùgbọ́n "roof", "chief", "belief" ò bá a rìn o, "s" lásán ni wọ́n ń gbà.

Bàbá mi tó wà ní Ìpẹrù, ọ̀kan nínú àwọn tó wọ ilé ìwé ní 1955 nígbà tí Awólọ́wọ̀ gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé, ló fún mi ní ti "en": "oxen", "children" àti "brethren" inú Bíbélì. Mo wá kà á lẹ́yìn náà pé "childer" ni "children" tẹ́lẹ̀ láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ni tẹ́lẹ̀, wọ́n sì tún fi "n" lé e. Èèyàn méjì ti jókòó síbẹ̀, kò sáyè fún "s".

Káàdì ṣíṣe, ẹ mọ̀ ọ́n ṣe: ẹyọ lójú kan, ọ̀pọ̀ lẹ́yìn, mẹ́ta lóòjọ́. Ẹ má sì jẹ́ kó kọ "furnitures", "informations" tàbí "equipments", torí wọn kì í gba "s", bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọ̀gá ń kọ ọ́ nínú lẹ́tà wọn.

Ẹ̀n-ẹ́n, ìbéèrè yín. Ìwé náà lè dúró ná. Ní ti tíṣà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ fún un ní bébà, ẹ ní kó kọ ọ̀pọ̀ "roof" àti "chief" fún yín. Bó bá fi "v" sí i, ẹ bù omi tútù fún un mu, kó máa lọ.