Èsì: Ta ló lé Aláké, Olúfúnmiláyọ̀ àbí àwọn ìyá ọlọ́jà?

Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ̀gbọ́n wa. Ẹ ní ṣé Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti nìkan ló ṣẹ́gun Aláké Adémọ́lá Kejì, ọba Ẹ̀gbá ní Abẹ́òkúta, ni? Lójú tèmi, rárá o.

Ẹgbẹ́ tí Olúfúnmiláyọ̀ kọ́kọ́ dá sílẹ̀, àwọn obìnrin onígbàgbọ́ tó kàwé ló pọ̀ níbẹ̀. Ìgbà tí àwọn ìyá ọlọ́jà wọlé wá kọ́ ìwé ni nǹkan yí padà. Wọ́n gbé ẹjọ́ tiwọn dání: nígbà ogun Hitler, ìrẹsì wọn ni àwọn èèyàn ìjọba ń fipá gbà. Ní 1946, ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta.

Owó orí ló wá dá ọ̀ràn sílẹ̀ gan-an. Obìnrin ń san tirẹ̀ lọ́tọ̀ sí ti ọkọ, bẹ́ẹ̀ wọn ò ní aṣojú kankan nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Àwọn agbowó orí a tún máa bọ́ aṣọ lára ọmọdébìnrin, kí wọ́n lè wò ó bóyá ó ti tó sanwó. Inú mi ṣì ń bàjẹ́ tí mo bá rántí èyí. Ìwà ìkà ni!

Ní 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ya bo ààfin Aké, wọ́n ń kọrin òwe. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní 1949, Aláké ti fi oyè sílẹ̀. Olúfúnmiláyọ̀ ló ń kọ ìwé ẹ̀sùn, òun ló ń dojú kọ àwọn òyìnbó. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá ọlọ́jà ló fi ọjà sílẹ̀, tí wọ́n sùn síta. Òun fúnra rẹ̀ pa aṣọ òyìnbó tì, ó ń ró ìró bíi tiwọn.