Tí ámílésì bá ń sáré bákan náà nínú yìnyín àti nínú omi gbígbóná

Tíṣà, ẹ ní ẹ ṣe pírátíkà ámílésì (ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ sítáàṣì) àti sítáàṣì pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì yín, ẹ gbé omi mẹ́rin kalẹ̀, ti yìnyín, ti 20°C, ti 40 àti ti 60, gbogbo ẹ̀ wá ń mú èsì kan náà wá, áódíìnì, tó máa ń dúdú tó bá pàdé sítáàṣì, ò tiẹ̀ dúdú láti orí ẹ̀kán àkọ́kọ́, ẹ wá ń béèrè bóyá ẹ́ńsáìmù yẹn ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́ o, ó le jù ni. Tó bá bàjẹ́ ni, áódíìnì á máa dúdú títí pírátíkà á fi parí. Tiyín ti jẹ sítáàṣì tán kí ọmọ tó fa ẹ̀kán àkọ́kọ́ sókè.

Ẹ bomi là á. Èmi kì í gbé e wọ kíláàsì láì kọ́kọ́ dán an wò fúnra mi, sítáàṣì 1% tí mo sè tó sì tutù, màá wá máa bomi la ámílésì títí èyí tó wà ní 40 á fi gba bí ìṣẹ́jú 2 sí 3 kí áódíìnì tó dúró ní pupa rúsúrúsú ẹ̀. Sẹ́kọ́ńdì 30 síra làwọn ọmọ fi ń kán an, tó bá yá jù bẹ́ẹ̀ kí ni wọ́n fẹ́ rí?

Èyí tó ń fa wàhálà jù lójú tèmi ni ooru yẹn gan-an. Ooru inú túùbù ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ti omi tó yí i ká. Àwọn ọmọ á po ẹ́ńsáìmù mọ́ sítáàṣì lórí tábìlì, wọ́n á wá rọra gbé e lọ sínú yìnyín, kó tó tutù ńkọ́, iṣẹ́ ti lọ jìnnà. Túùbù sítáàṣì lọ́tọ̀, ti ẹ́ńsáìmù lọ́tọ̀, kí àwọn méjèèjì jókòó sínú omi kan náà fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 5 kí wọ́n tó pò wọ́n. Mo máa ń ní kí wọ́n ki tẹmómítà bọ inú sítáàṣì fúnra ẹ̀, tí ò bá tíì bá ti omi mu, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ po nǹkan kan, kí wọ́n kùn títí.

Ẹ ṣọ́ra fún áódíìnì náà, ó máa ń purọ́. Àwọ̀ dúdú yẹn máa ń ṣá nínú ooru, torí náà ẹ má kán an sínú túùbù gbígbóná láé, àwo funfun oníhò ni kẹ́ ẹ lò, kí ẹ̀kán kékeré bọ́ sórí áódíìnì tó tutù. Tẹ́ ẹ bá wá dé orí pH (ìwọ̀n bí nǹkan ṣe kan tó), báfà (omi tó ń di pH mú sójú kan) tí pH ẹ̀ ga gan-an máa ń pa àwọ̀ áódíìnì rẹ́, ọmọ á wá kọ ọ́ pé pH 11 ni ẹ́ńsáìmù fẹ́ràn jù! Ẹ ṣe túùbù kan tó jẹ́ sítáàṣì àti báfà nìkan, tí ìyẹn náà ò bá dúdú, ẹ ti mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Ẹ ka ara ìgò ámílésì yín náà jàre. Ooru 37 tí ìwé ń pariwo pé ó fẹ́ràn jù, ti ara èèyàn nìyẹn, àwọn ámílésì kan tí wọ́n mú lára bakitéríà ṣì ń sáré ní 70, ẹ má fipá mú ọmọ yí èsì ẹ̀ padà torí ìwé.

Tí àyè bá wà, ẹ gbé túùbù inú yìnyín wá sí 40, sítáàṣì inú ẹ̀ á parẹ́. Èyí tẹ́ ẹ ti se ẹ́ńsáìmù ẹ̀ dáadáa, tẹ́ ẹ bá mú òun náà padà sí 40, dúdú ló máa wà (àfi tó bá jẹ́ àwọn olóríkunkun ti bakitéríà yẹn). Ẹyin tí wọ́n ti sè ò kúkú lè padà di tútù. Ibẹ̀ lojú àwọn ọmọ ti máa ń là, pé òtútù kàn dá a dúró ni, ooru ló pa á.

Tí àkókò yín ò bá pọ̀, ẹ pín ooru láàárín àwọn gúrúùpù, àmọ́ kí gúrúùpù méjì ṣe ooru kan náà, kẹ́ ẹ lè mọ̀ tí ọ̀kan bá ti ṣe ṣákálá.