Bí iṣan àtọwọ́dá bá yọ́ nínú ara, ibo ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo ti ń kọ̀wé. Kíndìnrín bàbá mi ti daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì fẹ́ ṣe ojú iṣan tí wọn yóò máa gbà fọ ẹ̀jẹ̀ sí apá wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun gbọ́ nípa iṣan kan tí wọ́n fi rọ́bà ṣe, tó máa ń yọ́ nínú ara. Bó bá yọ́, ṣé ẹ̀jẹ̀ ò ní tú dànù ni? Ṣé ká dúró dè é?

Ìdáhùn: Ẹ má dúró o.

Rọ́bà yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó ń dí gọ́tà wa ní Adó, tí òjò ọdún gbọọrọ kò lè jẹ. Omi inú ara ló máa ń já tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún lè ti gbé ọ̀kan rí láìmọ̀: wọ́n ń fi PGA, ọ̀kan nínú àwọn rọ́bà tó ń yọ́ wọ̀nyí, ṣe òwú ìránṣọ ara tó ń yọ́ fúnra rẹ̀. PLA, rọ́bà mìíràn, ní tirẹ̀ á di lactic acid, èyí tó wà nínú omi ògì tó kan, tí ara wa náà sì ń ṣe bí a bá kọ ebè títí.

Iṣẹ́ plánkì bíríkìlà ni rọ́bà náà ń ṣe. Plánkì ló ń gbé kankéré dúró títí yóò fi le, lẹ́yìn náà wọ́n á tú u. Ẹran ara á hù wọ inú àwọn ihò wẹẹrẹ rọ́bà náà, òun ni ẹ̀jẹ̀ á wá máa gbà. Àkókò ni gbogbo wàhálà rẹ̀. Agbára PGA ń tán láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ẹran kò bá tíì gbó, iṣan á wú, ó sì lè bẹ́. PCL, rọ́bà kẹta, lè lo ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó yọ́ tán. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pò wọ́n pọ̀. Ní Japan, oníṣẹ́ abẹ kan, Shin'oka, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ po PCL mọ́ PLA, wọ́n fi PGA tì í lẹ́yìn, wọ́n sì fi tún iṣan ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ọdún 4 kan ṣe. Wọ́n kọ ìròyìn rẹ̀ ní 2001. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kì í ti ibẹ̀ tagbáratagbára bíi ti apá.

Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Symvess, iṣan àtọwọ́dá kan tí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì ènìyàn gbìn sórí àwọ̀n PGA, ní oṣù Kejìlá 2024. Àwọn tí iṣan apá tàbí ẹsẹ̀ wọn já nínú ìjàǹbá ni wọ́n fọwọ́ sí i fún, kì í ṣe fún fífọ ẹ̀jẹ̀.

Iṣan bàbá yín gan-an ló sàn jù, bó bá ṣeé lò: oníṣẹ́ abẹ á so méjì pọ̀ ní apá. Ó lè gbà tó oṣù kan sí mẹ́ta kó tó gba abẹ́rẹ́, ohun tí mo fi ní ẹ má dúró nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gún apá yẹn gba ẹ̀jẹ̀, tàbí so ẹ̀rọ ìfúnpá mọ́ ọn. Bí nọ́ọ̀sì bá nawọ́ sí i, kí bàbá na apá kejì.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ máa fọwọ́ kàn án láràárọ̀. Ó yẹ kó máa gbọ̀n bí ẹ̀rọ ìlọta tó ń ṣiṣẹ́ lókèèrè. Lọ́jọ́ tí ó bá dákẹ́, ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an.