Kí Ẹ Tó Gbé Ẹ̀rọ Yín Lọ sí Ilé-Iṣẹ́ Ńlá

Arákùnrin wa tó kọ̀wé láti Oǹdó béèrè bóyá kí òun fi àwòrán àti fídíò ẹ̀rọ tí òun ṣe láti máa fọ́ kókó ránṣẹ́ sí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń ra kókó lọ sí òkè òkun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fi ohunkóhun ránṣẹ́. Èmi ṣe ẹ̀rọ tí ń bó ẹ̀gẹ́ ní Àkúrẹ́ níbí, mo sì gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kiri àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ọ̀kan nínú wọn tó gbà láti sanwó fún un, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni màá sọ.

Ìforúkọsílẹ̀ ni àkọ́kọ́. Pátẹ́ǹtì ni ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún olùṣàwárí pé ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ ṣe ohun tó ṣàwárí tàbí tà á láìgba àṣẹ rẹ̀. Lábẹ́ òfin pátẹ́ǹtì wa ti ọdún 1970, ẹni tó kọ́kọ́ mú ìwé rẹ̀ dé ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ní Àbújá ni òfin fún ní ẹ̀tọ́, kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ ronú kan nǹkan náà. Ohun náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun: bí fídíò tó fi inú ẹ̀rọ hàn bá ti wà lórí Facebook kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín ba ẹ̀tọ́ náà jẹ́. Pátẹ́ǹtì máa ń wà fún 20 ọdún bí ẹ bá ń san owó ọdọọdún rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun náà jẹ́ tuntun ní tòótọ́ kí wọ́n tó fún yín, nítorí náà ẹ wá lọ́yà tó mọ iṣẹ́ náà láti kọ ìwé ìforúkọsílẹ̀ yín.

Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé ilé ẹjọ́ ju bó ti yẹ lọ. Robert Kearns, ará Amẹ́ríkà tó ṣe wáípà mọ́tò tó máa ń nu òjò, tó máa ń sinmi díẹ̀ kó tó tún nu ún, pe ilé-iṣẹ́ mọ́tò Ford lẹ́jọ́ ní 1978 pé wọ́n lo pátẹ́ǹtì òun láìgba àṣẹ. Ọdún 1990 ni Ford tó gbà láti san mílíọ̀nù 10.2 dọ́là fún un. Mélòó nínú wa ló lè dúró tó bẹ́ẹ̀?

Ohun tó máa ń bí àwọn olùṣàwárí nínú jù ni ìwé tí ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń gbé síwájú wọn. A máa ń retí pé àwọn ni yóò buwọ́ lùwé pé àwọn kò ní tú àṣírí wa, ṣùgbọ́n àwa ni wọ́n á ní kí a buwọ́ lùwé pé kò sí àṣírí kankan láàárín wa, àti pé pátẹ́ǹtì nìkan ni a lè fi bá wọn ṣẹjọ́. Mo ti wá rí ìdí rẹ̀: àwọn ẹnjiníà tiwọn lè ti máa ṣe irú nǹkan kan náà, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n kí àlejò má wá sọ pé wọ́n jí i. Nítorí náà, ẹ sọ ohun tí ẹ̀rọ yín ń ṣe, ẹ má sọ bó ṣe ń ṣe é. Ilé-iṣẹ́ kan ní kí n fi àwòrán ẹ̀rọ mi sílẹ̀ kí àwọn ẹnjiníà wọn lè yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní kí wọ́n kó ẹ̀gẹ́ tiwọn wá sí Àkúrẹ́, kí wọ́n dà á sínú ẹ̀rọ. Wọn kò wá. Máníjà ilé-iṣẹ́ mìíràn wá, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ kó ẹ̀gẹ́ tó wọ́, tó tẹ́ẹ́rẹ́ dání. Kò bìkítà nípa bí ẹ̀rọ náà ṣe yára tó. Èèpo ló ń wọ̀n, kí ó lè mọ iye ẹ̀gẹ́ tó bá èèpo lọ. Lẹ́yìn náà ló béèrè ta ni yóò tún ẹ̀rọ náà ṣe bó bá dúró ní òru ọjọ́ Àìkú, nítorí pé ẹ̀gẹ́ tí a ti wú kì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Mo fi hàn án pé gbogbo ẹ̀yà tó máa ń tètè jẹ ni wẹ́dà lè ṣe ládùúgbò wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti kókó yín, àwọn tí ẹ fẹ́ kọ̀wé sí kọ́ ni wọ́n ní ìṣòro fífọ́ kókó. Hóró gbígbẹ ni wọ́n ń rà. Inú oko ni àgbẹ̀ ti ń fi àdá tàbí kóndó fọ́ kókó, kó tó bo hóró náà mọ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, kó tó sá a. Àwọn tí ẹ̀rọ yín yóò dín owó lébìrà kù fún ni ẹni tó ní oko ńlá àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ ní Ìdànrè àti agbègbè Oǹdó. Ẹni tó sì lè ṣe é tà fún wọn ni ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe irinṣẹ́ oko. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ rí àwọn olùrà kókó, ohun kan ṣoṣo ni ẹ lè bá wọn sọ: àdá máa ń gé hóró, hóró tó bá sì gé máa ń tètè bu. Lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀, ẹ fọ́ kókó púpọ̀ lójú àwọn àgbẹ̀, ẹ ka iye hóró tí àdá gé àti iye tí ẹ̀rọ yín gé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì gbé ìwé yẹn lọ dípò àwòrán.