Kámẹ́ràmáànì tó ń wá wòkìtókì, ẹ fi ọ̀rọ̀ kìlómítà sílẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́ta la jọ ń ya fídíò ìgbéyàwó ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Tá a bá ti wọ họ́ọ̀lù a kì í gbọ́ra wa mọ́, ọwọ́ la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Ẹnì kan fẹ́ ta wòkìtókì kìlómítà 10 fún wa, ó ní bó bá ṣe ń lọ jìnnà tó ló ṣe máa ń dún ketekete tó. Ṣé ká rà á? Owó wa ò pọ̀.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ má tíì sanwó. Lemọ́lemọ́ ni wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè yìí, inú sì ń bí mi torí kìlómítà yìí náà ni wọ́n fi ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ọmọ oníkámẹ́rà. Kí lẹ fẹ́ fi kìlómítà 10 ṣe nínú họ́ọ̀lù? Láti ibi tí tọkọtaya jókòó sí dé ẹnu ọ̀nà, ṣé ó tó mítà 100 ni? Nọ́ńbà ara páálí yẹn, ti ibi gbalasa tí nǹkan kan ò dí lọ́nà ni, tẹ́ ẹ bá gbé e dé Tákìé láàárín ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ẹ ò ní bá a bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń dà yín láàmú kì í ṣe ọ̀nà jíjìn, ariwo ni. Onídùndún ń lù lápá kan, sípíkà ń ké lápá kejì, kò sí wáàtì, ìyẹn agbára wòkìtókì, tó máa bá yín pa ìyẹn. Wáàtì tó pọ̀ gan-an tún lè dá wàhálà sílẹ̀: máìkì aláìníwáyà tí MC mú dání àti èyí tẹ́ ẹ fi há ọkọ ìyàwó láṣọ, ìgbì rédíò tí wọ́n ń pè ní UHF ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò bíi ti wòkìtókì yín, tí wòkìtókì wáàtì 5 bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ohùn lè máa ha, ó lè máa já, ẹ lè má sì mọ̀ títí ẹ máa fi délé jókòó ti ẹ́díìtì.

Oníṣọ́ọ̀bù á tún ní ó ní VOX, ìyẹn ni pé tó bá ti gbóhùn ó máa ṣí fúnra ẹ̀ láìtẹ nǹkan kan. Ẹ pa á jàre! Ẹnì kan ṣoṣo ló lè sọ̀rọ̀ lórí wòkìtókì lẹ́ẹ̀kan, tí ìlù bá ti ṣí ti ẹnì kan nínú yín, ìlù lẹ ó jọ máa gbọ́ létí, kò sẹ́ni tó máa ráyè sọ̀rọ̀ àfi tí onílù bá sinmi.

Owó kìlómítà yẹn, etí ni kẹ́ ẹ ná an lé. Wòkìtókì tó wọ́pọ̀ bíi Baofeng BF-888S tó ní ṣánẹ́ẹ̀lì 16 ti tó yín, hẹ́dísẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ wá dáadáa, èyí tó bo etí kan pátá, tí máìkì ẹ̀ sún mọ́ ẹnu, tí bọ́tìnnì ẹ̀ wà lára wáyà níwájú àyà. Ẹ má yí fólúùmù dé òpin o, èmi kì í ṣe dókítà, àmọ́ etí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà. Kẹ́nì kan ṣoṣo sì máa darí: "Kámẹ́rà kejì, ìyá ìyàwó." Kámẹ́rà kejì ò ní láti fèsì, kó ṣáà yí síbẹ̀.

Tówó ò bá tó ìyẹn, ẹ lo fóònù yín. Ìpè WhatsApp kọ́ o, ìyẹn máa ń pẹ́ kó tó dé etí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibi àríyá ò sì ṣe é gbọ́kàn lé. Mumble ni mò ń sọ, áàpù tẹ́ ẹ lè fi bára yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ gbé sáfà ẹ̀, ìyẹn apá tó ń so gbogbo yín pọ̀, sórí laptop, kẹ́ ẹ so laptop náà àti fóònù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ rọ́tà Wi-Fi kan náà, kò nílò dátà, gbogbo yín sì lè sọ̀rọ̀ pọ̀. Ẹ fi fóònù sí airplane mode kẹ́ ẹ tó tan Wi-Fi padà, kí ìpè má baà já lù yín, kí dít-dít-dít tí fóònù máa ń ṣe má sì wọnú ohùn kámẹ́rà. Àwọn hẹ́dísẹ́ẹ̀tì aláìníwáyà tí àwọn oníkámẹ́rà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, bíi Hollyland Solidcom C1, dáa gan-an, ẹ ò ní tẹ bọ́tìnnì rárá, àmọ́ owó ẹ̀ ju ti kámẹ́rà míì lọ, ẹ yá a tí iṣẹ́ ńlá bá dé.

Tí páálí rédíò bá ní kò gba láísẹ́ǹsì, òfin ìlú ibòmíì ló ń sọ, bíi ti PMR446, ìyẹn irú wòkìtókì tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù láìgba láísẹ́ǹsì, tí agbára ẹ̀ kì í ju ìdajì wáàtì lọ. Ní Nàìjíríà, NCC, àjọ tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀, ni kẹ́ ẹ bi kẹ́ ẹ tó tan rédíò, ẹ má sọ pé èmi ni mo ní kẹ́ ẹ máa lò ó láìgbàṣẹ. Tẹ́ ẹ bá sì gbọ́ ohùn ọlọ́pàá tàbí ti àwọn ẹ̀ṣọ́ lórí ṣánẹ́ẹ̀lì kan, ẹ kúrò níbẹ̀ kíá, ẹ má tẹ bọ́tìnnì níbẹ̀ rárá.